Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Pádì Bíréèkì Iwájú Corolla Nílé

Pádì tó ti fẹ́ tán kì í pa ara rẹ̀ mọ́. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára rẹ̀ tí yóò kan dísìkì, ìyẹn irin tó ń bá táyà yí tí pádì ń fún mọ́, tí yóò sì máa han fíín-fíín bí táyà bá ṣe ń yí. Bí ẹ bá di etí sí i, ohùn yẹn á di gàràgàrà. Irin ti ń jẹ irin nìyẹn, owó dísìkì ti kún un. Ẹni tó ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkè-Fìà l'Óṣogbo yí lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá ké: ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Pádì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Tó bá ti ku 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Corolla 2003 sí 2008 la fi ṣe àpẹẹrẹ. Sípánà 21 ló ń tú nọ́ọ̀tì táyà, 14 ló ń tú bóòtì kálípà, ìyẹn irin tó gbá pádì mú sára dísìkì. Ẹ wá jáàkì, sítáàǹdì méjì, kílámùpù, búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti gírísì sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì. Sẹ́ẹ̀tì pádì kan jẹ́ mẹ́rin, méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, torí ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pádì tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ.

Orí kọnkéré tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Lórí ilẹ̀ pupa tójò ti pa, jáàkì á rì. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, kẹ́ ẹ wá gbé e lé sítáàǹdì. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáàǹdì o, ó lè fọ́ lójijì.

Ẹ yọ táyà. Ẹ tú bóòtì kálípà méjèèjì, ẹ yọ kálípà, ẹ fi wáyà so ó kọ́ ara sípíríǹgì. Tó bá fi họ́ọ̀sì rọ̀, họ́ọ̀sì á ya nínú. Ẹ má fẹ́ eruku pádì dànù, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ nù ún.

Ẹ wá fi pádì méjèèjì wéra. Bí ti inú bá ti jẹ tán tí ti ìta sì nípọn, píńnì tí kálípà ń yọ̀ lé lórí ló gan. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń sáré kọjá gan-an nìyí, ìdí nìyẹn tí pádì tuntun fi ń tètè tán. Ẹ fa píńnì méjèèjì yọ, ẹ nu gírísì àtijọ́ kúrò, ẹ fi gírísì sílíkóònù tín-ín-rín pa á. Gírísì béárì lásán á mú rọ́bà rẹ̀ wú, píńnì á tún há. Ẹ má pààrọ̀ ipò wọn; ọ̀kan lè ní rọ́bà lórí. Rọ́bà ìbora tó bá ti ya, ẹ ra òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi òjò á wọlé.

Ẹ wo dísìkì. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù wà lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà MIN TH.

Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò òróró bíréèkì, ẹ fi pádì àtijọ́ bo písítìnì, ìyẹn irin inú kálípà tó ń ti pádì, ẹ fi kílámùpù tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Òróró á ga sókè. Tó bá fẹ́ kún jù, ẹ fà díẹ̀ jáde. Tó bá kán sára ọ̀dà, ẹ fi omi ṣàn án kíá, ó ń bó ọ̀dà. DOT 3 ló yẹ ẹ́, kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnnì, tó ń ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ to pádì tuntun síbẹ̀. Gírísì ò gbọdọ̀ kan ojú rẹ̀. Ìwọ̀n agbára tí ẹ ó fi fún wọn le (Nm) nìyí. Bóòtì kálípà: Nm 34. Nọ́ọ̀tì táyà: Nm 103, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tẹ pẹ́dàlì léraléra títí yóò fi le: ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ sílẹ̀ pátápátá, torí písítìnì ṣì jìnnà sí pádì. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó dákẹ́, ẹ sá kìlómítà 50 láàárín wákàtí, ẹ rọra dẹ̀ ẹ́ dé 10 ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láì dúró kú. Bí pẹ́dàlì bá ṣì rọ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ pè é wá sílé kó yọ afẹ́fẹ́ inú bíréèkì jáde.