Owó ilé-ìwé fún ọmọ Ìjọ̀ àti ọmọ Ìlàjẹ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Arógbò, Àpọ́ì àti Igbókọ̀dá, tẹ́ ẹ ń kàwé ní Adéyẹmí, yunifásítì àwọn olùkọ́, níbí nílùú Oǹdó, ìdí kọ̀ǹpútà mi lẹ máa ń já sí nígbàkígbà tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ kiri pé owó ti jáde. Ẹ óò sáré wọlé: "Àǹtí, wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa tì í o!" Mo bèèrè lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀, kò sí. Mo bèèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, orúkọ ibẹ̀ ò bá ti báǹkì mu. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó rántí ibi tí sáàtífíkéètì ọjọ́ ìbí yín wà. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ tò, ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ owó rárá.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2021 ni JAMB ti sọ NIN di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèdánwò, inú NIN yẹn sì ni wọ́n ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín yọ. Àwa tí à ń jẹ́ Adébáyọ̀ àti Fúnmiláyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wàhálà níbẹ̀. Orúkọ Ìjọ̀ ló ń jìyà. Ẹ mú orúkọ bí Ebiere. Mo ti rí i lórí ìwé NIN tí wọ́n kọ ọ́ ní "Ebere": ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ ohun tó mọ̀ létí, ló bá sọ ọmọ Ìjọ̀ di ọmọ Ígbò. Báǹkì kọ tiẹ̀ dáadáa, ilé-ìwé náà kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ yẹn jókòó tì mí, à ń tẹ̀ ẹ́, ojú òpó ń dá a padà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọnù láàárín.

NIN ni kẹ́ ẹ tún ṣe ná. Ẹ tọ́jú owó díẹ̀ sọ́wọ́, àtúnṣe yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí báǹkì fún BVN, kẹ́ ẹ tó wá wo ti ilé-ìwé. Ẹni tó bá ti báǹkì bẹ̀rẹ̀ á tún padà síbẹ̀.

Lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá ló kàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà jìn, èmi náà mọ̀. Láti ibí dé Ọ̀rẹ̀, ká tó kan Òkìtìpupa, kí ẹ tó dé Igbókọ̀dá tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tàbí Igbẹkẹbọ fún ẹ̀yin ará Ẹsẹ̀-Odò. Owó ọkọ̀ nìkan, ẹ óò ti jẹun ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lọ gba ti Ondo West, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, torí pé ìtòsí ni, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ẹ má dán an wò. OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó agbègbè tí wọ́n ti ń wa epo, ọmọ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò nìkan ló ń fún ní bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Tí lẹ́tà yín bá ti ní Ondo West lẹ ti wá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yọ ara yín kúrò nínú owó tí gbogbo wa tó kù ò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ họlidé ni kẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀.

Tí ìwé bá ti pé, ibi tẹ́ ẹ máa lọ ò pọ̀. OSOPADEC ni ti àkọ́kọ́, torí èrò ibẹ̀ kéré sí ti ìpínlẹ̀ lódindi. Scholarship Board ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ti gbogbo ọmọ Oǹdó nìyẹn. Ti ìjọba àpapọ̀ náà wà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé ìjọba: lábẹ́ Buhari ni wọ́n kéde 75,000 náírà ní sẹ́mẹ́sítà kan fún oní-dìgírì, 50,000 fún oní-NCE. Ẹ máa ṣọ́ Federal Scholarship Board fún un, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ jẹ gbèsè oúnjẹ sílẹ̀. Ìkéde lọ̀tọ̀, alááàtì lọ̀tọ̀.

Ẹ má sì fi dátà ṣòfò lórí sìkọ́láṣíìpù Agbami: oníṣègùn àti ẹnjiníà ni wọ́n ń fún. Tí ẹ bá mọ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ojú rẹ̀ ò ríran, ẹ sọ fún un pé MTN Foundation ní sìkọ́láṣíìpù fún àwọn afọ́jú, iṣẹ́ yòówù tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni ò gbọ́ rí.

NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ńkọ́? Gbèsè nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀bùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èlé. Láti 2024 ni wọ́n ti ṣí i. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, 20,000 náírà lóṣù sì ni ti oúnjẹ tó ń wọ àkáǹtì yín. Lẹ́yìn ọdún méjì tẹ́ ẹ bá ti sin ìlú tán, tẹ́ ẹ sì ti níṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n á máa yọ: tíṣà tó ń gba 100,000, 10,000 á lọ. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba ti ilé-ìwé, kẹ́ ẹ ro ti oúnjẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó máàkì í.

Ẹ̀gbọ́n yín kan á tún fi líǹkì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Illinois ní owó tó lè tó 7,500 dọ́là lọ́dún fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́; ọmọ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ò pọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń fún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Illinois ló wà fún. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá lọ́mọ níbẹ̀, òun gan-an ni kó lọ fi líǹkì náà ṣe nǹkan, kó sì mọ̀ pé ọmọ tó bá gba owó yẹn tí kò ṣiṣẹ́ tíṣà tó ṣèlérí, ó di gbèsè sí i lọ́rùn.

Tá a bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tán, ẹ má dìde kúrò lórí àga títí ìwé ẹ̀rí á fi jáde látinú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ọ̀kan sínú fáìlì yín, ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tó wà nílé, torí tí wọ́n bá pe orúkọ yín fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wà létí odò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè mú ìwé yẹn dání lọ sí Àkúrẹ́.