“Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan”: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí wíwá iṣẹ́ open source lórí GitHub

Ohun kan náà ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kóòdù ní Pánṣẹ́kẹ́ ń bi mí láàárọ̀, lálẹ́, lórí WhatsApp. Bí a ṣe ń fi àpótí ìwákiri GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù wọn sí, wá iṣẹ́ open source ni, ìyẹn kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè kà kó sì bá wọn tún ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá tún béèrè, ibí ni màá ní kó wá kà.

Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ `label:good first issue`, pàǹtírí ló jáde.

Label ni àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iṣẹ́; “good first issue” ni ti iṣẹ́ tó yẹ ọmọ tuntun. Àmì àyọlò dà? `label:"good first issue"`. Láìsí i, `good` nìkan ni GitHub máa kà sí label, á máa wá ìyókù bí ọ̀rọ̀ lásán.

Mo kọ `language: python`, kò dáhùn.

Pa àlàfo tó wà lẹ́yìn `:` rẹ́.

Mo rí iṣẹ́ kan, wọn ò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Wọ́n ti pa repo (àpò kóòdù) yẹn tì. Kíkà ló kù. Máa fi `archived:false` sí i.

Mo fi `stars:>100` kún `is:issue`, kò bá mi mu.

Ìràwọ̀ (àmì tí àwọn tó fẹ́ràn repo ń fún un) kì í ṣe ti issue (iṣẹ́ tàbí àbùkù tí wọ́n kọ sílẹ̀), ti repo ni. Kọ́kọ́ wá repo: `language:python stars:50..500 good-first-issues:>3 archived:false`. Èyí tó bá wù ọ́, fi `/contribute` kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, àwọn iṣẹ́ kéékèèké ibẹ̀ á tò síwájú rẹ. Má sáré tẹ̀lé ìràwọ̀ púpọ̀: bí ọjà Kútọ̀ lásìkò ọdún ni, kí o tó nawọ́, ẹlòmíì ti gbé e.

Django ò ní iṣẹ́ fún ọmọ tuntun ni?

Ó ní. Django, ohun èlò Python fún kíkọ́ ìkànnì, Trac ni wọ́n ń to iṣẹ́ tiwọn sí, ojúlé mìíràn ni, kì í ṣe GitHub. “Easy pickings” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Rust, èdè kóòdù kan, ní label tiwọn, `E-easy` ni wọ́n ń kọ. Bí o bá fẹ́ èyíkéyìí nínú méjì, kọmá ni: `label:"good first issue","E-easy"`.

Mo fi `no:assignee`, mo ṣe iṣẹ́ náà tán, wọ́n ní ẹlòmíì ti ṣe é.

Èyí ló dá mi lágara jù. Ọmọ kan ṣe báyìí. Iná lọ nílé, ó gbé laptop lọ sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ó ń fi jẹnẹrétọ̀ wọn ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ń ká ọjà. Ó fi PR (pull request, àtúnṣe kóòdù tí a ní kí wọ́n gbà wọlé) ránṣẹ́. Èsì tó gbà: ẹnì kan ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ tipẹ́.

A jọ jókòó tì í. `no:assignee` ò sọ ju pé wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọn kì í sì í kọ orúkọ sí rárá. A fi `-linked:pr` kún un. Àbájáde dín kù, inú wa dùn, a mú òmíràn. Wọ́n tún ti ṣe ìyẹn náà!

Ìgbà tí mo yí ojú ìwé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí ìlà aláwọ̀ eérú kékeré kan: ẹnì kan ti dárúkọ issue náà nínú PR. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àfi kí onítọ̀hún kọ `fixes #123`, `closes` tàbí `resolves`, tàbí kó fọwọ́ so ó pọ̀, kí `linked` tó mọ̀ ọ́n. Bó bá kọ “see #123” lásán, kò sí àṣẹ ìwákiri kankan tó máa mú un. Ojú rẹ ló kù. Wo àmì PR ibẹ̀: àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó ṣì wà ní ṣíṣí, elésè àlùkò pé wọ́n ti gbà á wọlé, pupa pé wọ́n ti tì í láìgbà á. Tẹ nọ́ḿbà issue náà sínú àpótí ìwákiri Pull requests repo yẹn pẹ̀lú.

PR kan wà ní ṣíṣí, ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Mi ò lè dá ìyẹn lóhùn, èmi kọ́ ni mo ni repo. Ka `CONTRIBUTING.md` wọn, kí o wá bi àwọn tó ń bójú tó o lábẹ́ issue náà: sọ fáìlì tí o rò pé àbùkù wà, ohun tí o fẹ́ yí padà, kí o sì béèrè bóyá PR àtijọ́ yẹn ṣì ń lọ. Má kọ “please assign me sir”. Yí ojú ìwé sókè díẹ̀, wàá rí àwọn tó ti kọ ọ́ ṣáájú rẹ, pàápàá lóṣù October tí Hacktoberfest, ètò tó ń pe àwọn èèyàn wá ṣe iṣẹ́ open source, bá dé.