Kẹ́ ẹ tó máa fi ojú ọba wá owó ẹyọ Róòmù yẹn, ẹ yí i pa dà ná

Tó bá jẹ́ pé èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára owó ẹyọ Róòmù tẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ kọ́kọ́ wá a láàárín èyí tí wọ́n rọ nílùú Róòmù, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ rí i níbẹ̀. Àwọn ìlú abẹ́ Róòmù, pàápàá lápá ibi tó ti di Tọ́kì àti Síríà lónìí, ló ń rọ tiwọn, orí ọba á wà níwájú, nǹkan ìlú wọn á wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Orúkọ àwọn ará ìlú ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tó parí sí ΩΝ: ΕΦΕCΙΩΝ, ti àwọn ará Éfésù nìyẹn. C yẹn, S ni o, P náà, R ni. Tí lẹ́tà náà bá ti ń pa rẹ́, ẹ jẹ́ kí iná tàn sí i látẹ̀gbẹ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á rárá! Ihò bíńtín tí ò lu já, tẹ́ ẹ máa ń rí láàárín àwọn owó kan, wọn ò bà á jẹ́ o, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ló ṣe wà níbẹ̀.

Tí orúkọ ò bá hàn mọ́, àwòrán á sọ̀rọ̀. Òkè ńlá kan, ó sábà máa ń jẹ́ ti Kesaríà ti Kapadókíà, ní Tọ́kì. Obìnrin tó dúró láàárín akọ màlúù àti kìnnìún, Viminacium ni, ní Sẹ́bíà, Látìn ni wọ́n sì kọ sí i, torí náà Látìn nìkan ò ní ká pè é ní ti ìlú Róòmù.

Ti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì yàtọ̀ gan-an, wọn kì í kọ orúkọ ìlú, àmì ọdún tó ṣe bí L ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e á sọ iye ọdún tí ọba ti lò. Ẹ wo èyí: ΠΡΟΒΟC níwájú, ẹyẹ idì àti LΔ lẹ́yìn. Ọdún kẹrin Probus nìyẹn. Ọdún 276 ló jọba, àmọ́ ìparí oṣù kẹjọ ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba àkókò tó lò kó tó dìgbà yẹn ni wọ́n kà sí ọdún àkọ́kọ́, ni LΔ bá bọ́ sí 278 sí 279.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi rúlà wo fífẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sórí ìkànnì Roman Provincial Coinage, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ ìwọ̀nba lẹ́tà tẹ́ ẹ rí kà síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi tiyín wé àwòrán tó bá gbé jáde. Tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.