Dùùrù ilé sinimá àtijọ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ràn dùùrù ilé sinimá jù ló máa ń bà á jẹ́ jù. Mi ò ṣàwàdà. Ẹni tí kò bìkítà kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé òòlù àti gọ́ọ̀mù wọlé.

Kí sinimá tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, dùùrù ńlá yìí, tí afẹ́fẹ́ ń fun fèrè rẹ̀, ni ẹnu rẹ̀. Robert Hope-Jones, ọmọ Ìlú Ọba tó ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù rí, wà lára àwọn tó mú kí ọ̀nà tí iná mànàmáná fi ń so ìka atẹdùùrù pọ̀ mọ́ fèrè tó wà lókèèrè túbọ̀ dára. Ní 1910 ó dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Wurlitzer ní North Tonawanda, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì ṣe irú dùùrù bẹ́ẹ̀ jáde ju 2,000 lọ. Ìlù wà nínú rẹ̀, agogo wà, ohùn ẹyẹ wà, kódà hóònù ọkọ̀ wà. Ọmọ Yorùbá náà ò gbẹ́yìn: Fela Sówándé tẹ dùùrù tíátà fún BBC ní Lọ́ńdọ̀nù.

“Ẹ jẹ́ ká tanná sí i ká gbọ́ ohùn rẹ̀ ná.” Mo bẹ̀rù gbólóhùn yìí ju ikán lọ. Dùùrù tó ti dákẹ́ fún ogún ọdún, eruku ogún ọdún ló wà nínú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Bí mọ́tò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ bá ti yí, gbogbo rẹ̀ á tú lọ sẹ́nu fèrè. Owú ni wọ́n fi ń bo wáyà láyé ìgbà yẹn, owú tó ti gbó kì í sì pẹ́ gbaná. Ẹ pe oníná tó mọ wáyà àtijọ́, ẹ nu eruku tán, lẹ́yìn náà lẹ tó lè fọwọ́ kan súìṣì.

Ọ̀rọ̀ awọ ló gbẹgẹ́ jù. Abẹ́ fèrè kọ̀ọ̀kan ni ẹwìrì kékeré kan wà tí wọ́n fi awọ ṣe, awọ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ tẹ kíì, iná á dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ á jáde nínú ẹwìrì náà, á sọ̀, ilẹ̀kùn fèrè á sì ṣí. Awọ yìí ń gbó. Kò sí onílù tó ń fi awọ kan ṣoṣo lu ìyáàlù láti kékeré dàgbà, kò sì sí ẹni tó ń bú u tó bá pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ tó bá kan dùùrù, ẹ ó rí ẹni tó máa lẹ ihò kan lónìí, tó tún máa lẹ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé ayé. Tí ọ̀kan bá ti ya, ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó wà nínú àpótí tí fèrè wọ̀nyẹn dúró lé pọ̀.

Gọ́ọ̀mù wo lẹ fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́? Èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ ẹran ni àwọn tó ṣe é lò, torí omi gbígbóná máa ń tú u. Gọ́ọ̀mù funfun inú ike kì í tú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn ogójì ọdún, igi ni yóò máa họ.

Àwọn tó ń tún ilé ṣe ńkọ́? Dùùrù Boardwalk Hall ní Atlantic City, tó ní fèrè 33,112, kì í ṣe dùùrù sinimá pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀. Ìjì ńlá ọdún 1944 ba apá kan rẹ̀ jẹ́, kò sì pa á. Nígbà tí wọ́n wá ń tún gbọ̀ngàn náà ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ àtúnṣe yẹn gan-an ṣe é léṣe débi pé ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ti yàrá fèrè pa, ẹ dí gbogbo ihò rẹ̀, kí birikìlà tó da sìmẹ́ńtì.

Ẹ má tún yí ohùn fèrè lọ́jọ́ tí gbọ̀ngàn tutù. Tí ooru bá mú, ohùn ọ̀pọ̀ fèrè á ròkè, àwọn tó ní ahọ́n idẹ kì í sì tẹ̀ lé wọn bọ̀rọ̀. Ohùn tẹ́ ẹ tún ṣe ní àárọ̀ òtútù á dàrú lálẹ́ tí èrò bá kún. Ẹ di fèrè kékeré kan mú fún ìṣẹ́jú kan péré, ooru ọwọ́ yín nìkan á gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Ó wá ku àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì wá máa ń ṣí gbogbo bọ́tìnì tó ń pe ohùn fèrè, á sì jẹ́ kí ohùn máa gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nínú fíìmù, bí ajá bá gbó, ó ti lu agogo. Bí ọkọ̀ bá kọjá, ó ti fun hóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun làwọn èèyàn ń wò, wọn ò wo fíìmù mọ́. Tí obìnrin inú àwòrán bá ṣí lẹ́tà tó rí i pé ọkọ òun ti kú, gbé ọwọ́ kúrò. Jẹ́ kó pa lọ́lọ́.

Èmi náà jìyà tèmi. Kíì dùùrù yìí ní ìpele méjì: fọwọ́ bà á, ohùn kan dún, tẹ̀ ẹ́ wọlé síwájú sí i, ohùn mìíràn tún bá a dún. Ọwọ́ orin ìyìn ni mo gbé lọ síbẹ̀. Orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ ni mo ń tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ni kàkàkí bá ń ké láti òkè ògiri ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òsì mi bá wúwo, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń jà lórí pẹ́dàlì, débi pé kò sí èyí tó ráyè ti lúfà onígi, ìyẹn pátákó bíi fèrèsé tí wọ́n ń tì láti dín ohùn kù. Bàbá àgbàlagbà tó ń kọ́ mi ò bínú. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan tẹ pẹ́dàlì, kí n fi ti ọ̀tún máa ṣí lúfà yẹn, kí n sì máa tì í, kí n má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì.