Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Kọ̀ǹpútà Méjì Compile Sọ́fítíwíà Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá ń compile sọ́fítíwíà ńlá bíi kernel Linux (ìyẹn ni pé ó ń yí kóòdù tí ènìyàn kọ padà sí èyí tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí), tí kọ̀ǹpútà kejì sì wà nílé rẹ̀ tí kò rí nǹkan ṣe, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ nípa distcc. Martin Pool ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 2002. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àwọn fáìlì C àti C++ fún ẹ̀rọ méjèèjì kí wọ́n lè jọ gbé ẹrù náà. Kò ṣòro láti fi sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè kùnà kí ẹ má mọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń ṣẹ̀ wá.

Ẹ má ṣe gbà pé ẹ̀rọ kejì ń ṣiṣẹ́ kìkì nítorí pé iṣẹ́ parí láìsí wàhálà. Bí distcc kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò compile fáìlì náà lórí ẹ̀rọ tí ẹ jókòó sí, kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi rò pé ẹ̀rọ méjì ni mo ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo tẹ distccmon-text 1 sínú fèrèsé mìíràn bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, tí mo sì rí i pé localhost, ìyẹn ẹ̀rọ tí mo jókòó sí, ni ó wà lórí gbogbo ìlà tí ó ń jáde. Firewall (ètò ààbò tí ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ẹ̀rọ kejì kò ṣí pọ́ọ̀tù 3632, ẹnu-ọ̀nà tí distcc ń gbà wọlé. Ẹ fi DISTCC_FALLBACK=0 sí i títí ìdánwò yóò fi parí, kí fáìlì tí kò bá rí ọ̀nà lọ lè kùnà níṣojú yín.

Irú ìparọ́rọ́ kan náà ni -march=native máa ń fà, ìyẹn àṣàyàn kan tí a ń fún gcc, compiler tí ń ṣe iṣẹ́ compile náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «pírósẹ́sọ̀ ẹ̀rọ yìí», èyí tí kò lè jẹ́ òótọ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn, nítorí náà distcc kì í rán irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde rárá. Ẹ tẹ gcc -march=native -Q --help=target, ẹ wo orúkọ tí ó bá fún yín níwájú -march, kí ẹ sì kọ orúkọ náà gan-an dípò native.

Àwọn kan a máa da ọjọ́ nù lórí dída àwọn fáìlì header àti láíbìrì sórí ẹ̀rọ kejì. Kò pọn dandan, torí pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti kó àwọn header sínú kóòdù kí ó tó rán an lọ, òun náà ni ó sì ń so láíbìrì mọ́ ọn níkẹyìn. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ bára mu ni compiler. Orúkọ compiler ni distcc ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kóòdù, kì í ṣe compiler fúnra rẹ̀. Bí gcc bá jẹ́ 12 níhìn-ín tí ó sì jẹ́ 13 lọ́hùn-ún, ẹ lè rí àṣìṣe tí kò ní orí tí kò ní ìdí nígbà tí a bá ń so àwọn fáìlì pọ̀. Ẹ kọ gcc-13 ní kíkún lórí méjèèjì.

Ní ti ètò àwọn ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ kejì bá yára ju èyí tí ẹ jókòó sí lọ, ẹ má fi localhost ṣáájú, torí pé ẹni tí ó bá wà níwájú ni iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmúrasílẹ̀ kóòdù àti ìsopọ̀ ìkẹyìn ti wà lọ́rùn ẹ̀rọ tí ẹ jókòó sí tẹ́lẹ̀. DISTCC_HOSTS="192.168.1.20/8 localhost/2" ni mo ń lò, pẹ̀lú make -j10, ìyẹn iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà: mẹ́jọ lọ́hùn-ún, méjì níhìn-ín. Bí ẹ kò bá kọ nọ́ńbà kankan, iṣẹ́ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ kejì yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà sàn ju Wi-Fi lọ. Bí Wi-Fi nìkan ni ó wà, ẹ fi ,lzo kún orúkọ ẹ̀rọ náà, kí ó lè fún ohun tí ó ń rán pọ̀ kí ó kéré.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ààbò. distccd, apá distcc tí ń gba iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kejì, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹni tí ó bá sì lè dé pọ́ọ̀tù rẹ̀ lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà yín. CVE-2004-2687 ni wọ́n fi ń mọ ihò yìí nínú àkójọ CVE, níbi tí wọ́n ń kọ ihò ààbò sọ́fítíwíà sí. Ẹ kọ --allow pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ gbà láyè, ẹ má sì ṣe ṣí 3632 sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí router láé. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín, ẹ gbé e gba SSH, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí a fi àṣírí bò, nípa fífi @ ṣáájú orúkọ ẹ̀rọ náà. Yóò falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò lè wọlé.