Bí ẹ ṣe máa yan fákúùmù tó máa pẹ́ nínú ilé, ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹni tó bá ń gbé Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tó fẹ́ ra fákúùmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa eruku àti ìdọ̀tí, ohun méjì ló yẹ kó wò kó tó jáde nílé: ilẹ̀ ilé rẹ̀, àti iná tó ń lò. Àwọn ọlọ́jà á máa nàka sí nọ́ńbà wáàtì tó wà lára páálí. Nọ́ńbà yẹn kọ́ ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ náà á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Eruku pupa tiwa yìí kúnná bí àtíkè. Asẹ́ inú ẹ̀rọ ló máa ń dí. Bí asẹ́ bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, á sì jóná níkẹyìn. Asẹ́ yẹn, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní fílítà, ni kí ẹ fi ṣáájú gbogbo ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ilẹ̀ yín ńkọ́?

Bí gbogbo ilẹ̀ ilé bá jẹ́ táìsì, tẹ̀ràsó tàbí sìmẹ́ńtì, tí kò sí rọ́ọ̀gì, tí àga sì jẹ́ onígi, ẹ má ra fákúùmù rárá. Ìgbálẹ̀ àti mọ́ọ̀pù tó tutù díẹ̀ á ṣe é dáadáa. Ohun tó kọjá agbára ìgbálẹ̀ ni rọ́ọ̀gì, àga onítìmùtìmù, ibùsùn, kọ́tìnnì àti nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Bí ẹ bá gbá rọ́ọ̀gì, eruku á kàn gbéra sókè ni, á fò káàkiri pálọ̀, nígbà tó bá sì yá á tún padà bà sórí rọ́ọ̀gì kan náà.

Rọ́ọ̀gì tí irun rẹ̀ kúrú kò fẹ́ wàhálà: orí pẹlẹbẹ tó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fún un. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n tẹ́ láti ògiri dé ògiri, tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀, fẹ́ orí tó ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí, torí yanrìn ti wọ ìdí irun rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí yìí kan rọ́ọ̀gì onírun gígùn, á wé irun rẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi kan ẹní, á tú u. Bí wọ́n bá ń dirun nínú ilé, ẹ yẹ búrọ́ọ̀ṣì náà wò dáadáa: ṣé ẹ lè yọ ọ́ láìlo irinṣẹ́? Irun tí wọ́n fi ń di orí máa ń wé mọ́ ọn lójoojúmọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò ní ìṣẹ́jú méjì. Èyí tí wọ́n fi ìdè mẹ́fà dè á sú yín láàárín oṣù kan.

Iná tó máa gbé e

Fákúùmù tó ń lo 1,600 wáàtì, bí ẹ bá fi ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, 0.4 yúnítì ló máa jẹ nínú mítà. Ìyẹn kò pọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ohun tó lè gbé e nígbà tí kò bá sí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí I better pass my neighbour, nǹkan bí 650 wáàtì ló lè gbé fún ìgbà pípẹ́; bí ẹ bá so fákúùmù 1,400 wáàtì mọ́ ọn, á kú lójú ẹsẹ̀. Irú fákúùmù bẹ́ẹ̀ fẹ́ jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sókè, torí pé ní kété tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná tó ń fà máa ń ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ dáadáa. Inverter 1 kVA kò lè fúnni ní ju nǹkan bí 800 wáàtì lọ. Bí inverter àti sólà lẹ gbára lé, ẹ̀rọ 600 wáàtì sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì máa lò ó lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, agbára iná lè lọ sílẹ̀ sí 160V dípò 230V. Ẹ̀rọ á yí, ṣùgbọ́n kò ní fa nǹkan kan gbòógì. Kò bàjẹ́ o, iná ni kò tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń lò ó, ẹ pa á, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, torí iná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ga.

Ní ti wáàtì, ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀: iná tó ń jẹ ni wáàtì ń sọ, kì í ṣe bó ṣe ń fà tó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gba kí fákúùmù ilé tuntun tó máa wọ ọjà wọn lo tó 900 wáàtì, síbẹ̀ rọ́ọ̀gì wọn ń mọ́. Nọ́ńbà tó ń sọ agbára fífà ni kPa. Bí ẹ bá rí i lára páálí, 18 sí 20 tó fún rọ́ọ̀gì ilé. Èyí tó bá kọ 2,000 wáàtì gàdàgbà tí kò kọ kPa kankan, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi dán an wò.

Irú wo ni kí ẹ rà?

Èyí tó ní báàgì ló ń mú eruku dáadáa jùlọ, torí inú báàgì ni gbogbo rẹ̀ ń kú sí. Àbùkù rẹ̀ ni pé báàgì pépà ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu, ó sì ṣòro rí rà níhìn-ín. Ẹni tí kò bá lè ra báàgì mẹ́wàá pọ̀ lọ́jọ́ tó ń ra ẹ̀rọ, kó wá èyí tó ní báàgì aṣọ tó ṣeé fọ̀. Ẹ má ṣe da inú báàgì pépà nù kí ẹ tún dá a padà; ihò kékeré kan lára rẹ̀ ti tó láti kó eruku wọ ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó ní ike dípò báàgì kò ní ìnáwó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ ló ń jìyà. Bí ọyẹ́ bá ti dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá kún eruku ojú títì tiwa, asẹ́ tó ń pé oṣù kan kó tó dí lè dí láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó dára fún ẹni tó lè fọ asẹ́ láìjẹ́ kó sú u.

Èyí tó ń fa omi àti eruku, oníkẹ́ẹ̀gì ńlá tó gba omi lítà 15 sí 30, ni èmi á mú fún ilé tí òjò ń fẹ́ wọ̀ láti ojú fèrèsé tàbí tí wọ́n ti máa ń fọ àga àti rọ́ọ̀gì fúnra wọn. Ó wúwo, ó sì ń pariwo gan-an, àmọ́ ó lágbára, ara rẹ̀ kò sì ní ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń tètè bàjẹ́. Kí ẹ tó fi fa omi, ẹ yọ asẹ́ pépà, ẹ yọ báàgì, kí ẹ fi fóòmù tó wá pẹ̀lú rẹ̀ bo ibi tí asẹ́ wà. Nínú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kan wà tó máa ń léfòó bí omi bá kún, tó sì máa dí ọ̀nà kí omi má baà wọ ẹ́ńjìnnì. Ìfófòó ọṣẹ kì í gbé bọ́ọ̀lù yìí sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ẹni tó da ọṣẹ púpọ̀ sí rọ́ọ̀gì fi máa ń jóná: ìfófòó á gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá. Ọṣẹ díẹ̀, omi púpọ̀. Bí ẹ bá sì parí, ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ.

Fákúùmù tí kì í ṣe irú èyí kò gbọdọ̀ fa omi rárá, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ife kan.

Èyí tó ń lo bátìrì ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 40, àti pé inverter kékeré lè sáàjì rẹ̀. Fún ilé oníyàrá méjì tó ní rọ́ọ̀gì kan ní àárín pálọ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ rí i pé bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń ta bátìrì náà lọ́tọ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ kú. Ní ti èyí tó ń dá rìn kiri ilé fúnra rẹ̀, ilé tí wáyà wà nílẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà ga, tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀, kò gbà á.

Ìdánwò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ fi ọ̀rá di ṣíbí yanrìn kan àti àtíkè díẹ̀ dání láti ilé, kí ẹ sì mú hánkáṣíìfù funfun kan. Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Lágere ni o tàbí ní àyíká ọjà Atákúńmọ́sà, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sí iná, ẹ dúró kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má san owó lórí ẹ̀rọ tí ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu họ́ọ̀sì. Ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ga sókè kíákíá, bí ẹni pé ó ń sunkún, ọwọ́ yín á sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ máa fi agbára díẹ̀ já a. Bí ohùn rẹ̀ kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan: họ́ọ̀sì ti ya, tàbí ìdérí kò pa dé. Lẹ́yìn náà ẹ da yanrìn sórí rọ́ọ̀gì kan, ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ fi ẹ̀rọ gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa gbọ́ yanrìn tó ń ta inú páìpù tàtàtà. Lẹ́ẹ̀kejì, ìró yẹn yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá ṣì ń ta bíi ti àkọ́kọ́, kò lágbára tó.

Hánkáṣíìfù wá ńkọ́? Ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹ wá fa àtíkè yẹn. Ẹ wo hánkáṣíìfù náà, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí àtíkè bá wà lára rẹ̀, gbogbo eruku tí ẹ bá fà nílé ni ẹ̀rọ yẹn á máa fẹ́ padà sáfẹ́fẹ́ fún yín láti mí sínú. Ilé tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà kò gbọdọ̀ ra irú rẹ̀. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ wá asẹ́ tí wọ́n kọ HEPA H13 sí lára: nínú eérún eruku 10,000 tó ṣòro mú jùlọ, ó kéré tán 9,995 ló ń dá dúró. HEPA type tí wọ́n ń kọ sára àwọn mìíràn kò ṣe ìlérí kankan.

Ìbéèrè kan ṣì kù tó lè gba owó yín lọ́wọ́ òfò: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní asẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ra ọ̀kan mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ tó dára wà, àmọ́ ẹ yí ẹ̀rọ náà padà kí ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. 220–240V, 50Hz ni tiwa. Èyí tó bá kọ 120V, 60Hz, Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, èéfín ló máa tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tó ń sọ iná kalẹ̀ tó lè gbé fákúùmù 1,200 wáàtì gbọ́dọ̀ tó 2,000 wáàtì, owó rẹ̀ àti wàhálà gbígbé rẹ̀ kiri kò sì yẹ é. Ẹ fi ọwọ́ yẹ wáyà wò láti orí dé ìdí, pàápàá níbi tó ti wọ ara ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ló máa ń já sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e délé

Ẹ má fi fa eérú gbígbóná, èédú, sìmẹ́ńtì tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀, tàbí èlùbọ́ tó dà nílẹ̀. Eérú lè dá iná sílẹ̀ nínú báàgì. Sìmẹ́ńtì àti èlùbọ́ á dí asẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Asẹ́ tí wọ́n kọ pé ó ṣeé fọ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ gbọ̀n ọ́n lára òkúta jẹ́jẹ́, kí ẹ wá máa da omi tútù sí i láti ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó dọ̀tí, kí omi lè ti eruku jáde. Omi àkọ́kọ́ á pupa bí àgbàrá. Ẹ má fi ọṣẹ sí i, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Bí omi bá ti ń jáde ní mímọ́, ẹ gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún wákàtí 24, wákàtí 48 ní ìgbà òjò. Asẹ́ tó tutù tí a dá padà á máa rùn, eruku á sì di ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbà yìí ni asẹ́ kejì tí ẹ rà ń wúlò.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì nígbà tí iná wà, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun kékeré kan tó ń pa á bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, ẹ wo asẹ́, kí ẹ sì ju owó ẹyọ kan sínú họ́ọ̀sì láti òkè. Bí owó náà kò bá jáde nísàlẹ̀, nǹkan ti há síbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tún tàn án.

Èyí tó bá ń tan iná wẹ́wẹ́ nínú, tó ń rùn bíi rọ́bà tó jó, kábọ́ọ̀nù méjì tó ń fara kan ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ tán. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri, kì í wọ́n. Kí oníṣẹ́ tó ń ṣe wáyà ẹ́ńjìnnì yọ ti àtijọ́ fún yín láti fi ra èyí tó bá a mu, kó sì pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wáyà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ má tún un ṣe, ẹ fi owó yẹn kún ti tuntun.