Elmina àti Cape Coast: àṣìṣe tí àwọn òbí ará Ìbàdàn máa ń ṣe bí wọ́n bá kó ọmọ lọ wo ilé olódi ní Ghana

Bodè mẹ́ta ni ìdílé tó bá fi ọkọ̀ gbéra ní Ìbàdàn yóò là kọjá kó tó dé ilé olódi Elmina, níbi tí wọ́n ti ń ti ẹrú mọ́lé láyé òwò ẹrú, bíi ti Cape Coast: Sèmè, Hilla-Condji láàrin Benin àti Togo, àti Aflao tó wọ Ghana. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ná gbogbo agbára wọn tán. Bí wọ́n bá fi máa dé inú ilé olódi, ó ti rẹ àwọn ọmọ, bàbá ń kanra, aago sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé la ó kọ́kọ́ yanjú. Àdéhùn ECOWAS fún ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 90 láìgba físà, àwọn kan sì wá rò pé ìwé kò ṣe pàtàkì mọ́. Ó ṣe pàtàkì. Ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Bó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo tàbí màmá àgbà ló ń kó wọn lọ, ẹ mú ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí tó kù fọwọ́ sí dání, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Aṣọ́bodè tí kò rí i lè fura pé ẹ jí ọmọ gbé ni, kò sì ní jẹ̀bi.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí ẹ gbà á ni yellow card tó di ojúlówó. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì wọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, káàdì tí kò tíì ṣiṣẹ́ ló mú dání. Ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gbà á, ó tó títí ayé.

Ẹ má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín ṣe é. Òǹtẹ̀ 6 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó dé Accra: jíjáde àti wíwọlé ní bodè kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sí, ìgbà àbọ̀ ni wọn yóò bi yín léèrè. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tara yín ni, ẹ gba ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní ECOWAS Brown Card kí ẹ tó kúrò nílé. Owó CFA kan náà ni Benin àti Togo ń ná, nítorí náà ẹ ṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún cedi, owó Ghana.

Láti Accra sí Cape Coast tó kìlómítà 145, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kasoa sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń sùn ní Accra, tí wọ́n fẹ́ wo ilé olódi méjèèjì, kí wọ́n tún rìn lórí afárá okùn tó wà nínú igbó Kakum lọ́jọ́ kan náà, wọn kì í rí ìkankan wò dáadáa. Cape Coast ni kí ẹ sùn. Elmina kò ju kìlómítà 13 lọ síbẹ̀. Ilé olódi kan ní ojúmọ́ kan ló dára jù, kí ẹ sì dé ní òwúrọ̀.

Ẹ má sá fún afinimọ̀nà. Láìsí i, yàrá òfìfo lásán lẹ ó rí. Òun ni yóò fi òkè St. Jago hàn yín, níbi tí àwọn Dutch ti yin àgbá lu àwọn Potogí ní 1637, lẹ́yìn tí àwọn Potogí ti kọ́ Elmina láti 1482. Òun ni yóò dúró pẹ̀lú yín ní àgbàlá àwọn obìnrin, kó ní kí ẹ gbójú sókè wo ibi tí gómìnà ti máa ń yan èyí tó wù ú. Yàrá tí wọ́n fi Prempeh Kìíní, Asantehene (ọba Asante), sí ní 1896 náà wà níbẹ̀. Ní Cape Coast, orí àjà ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin sí gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú fún àwọn ọmọ, nítorí ilẹ̀ inú àjà náà gbágungbàgun, ó sì ṣókùnkùn. Ọmọ kékeré tó bá ń bẹ̀rù, kí ẹnì kan nínú yín dúró tì í ní ìta. Fọ́tò aṣọ ẹbí àti ẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà àbájáde tí wọ́n ń gbà kó ẹrú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ fi í sílẹ̀ fún etí òkun. A kì í ya fọ́tò ẹ̀rín nílé òkú.

Àṣìṣe tó burú jù, ẹnu òbí ló ti ń jáde: “Ibí ni wọ́n gbé àwọn bàbá wa gbà.” Rárá o. Ilẹ̀ Ghana àti apá àríwá rẹ̀ ni wọ́n ti kó púpọ̀ jù nínú àwọn tó gba Elmina kọjá. Tiwa gba Ouidah, Porto-Novo, Àgbádárìgì àti Èkó. Ọ̀ṣoògùn ni wọ́n ti mú Àjàyí Crowther ní 1821, Èkó ni wọ́n tà á sí. Nígbà tí àwọn jagunjagun fi máa tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí 1829, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni Cape Coast (1807) àti àwọn Dutch tó ni Elmina (1814) ti fòfin de òwò ẹrú, nítorí náà àwọn tí ogun Ìbàdàn kó kò lè gba ẹnu ọ̀nà àwọn ilé olódi yẹn. Ọmọ yóò sì bèèrè pé, “Mọ́mì, ta ló tà wọ́n?” Ẹ má dá gbogbo rẹ̀ lé òyìnbó lórí. Àwọn olóyè wa náà kó ẹrú, wọ́n tà wọ́n, Ẹfúnṣetán Aníwúrà náà sì ní ẹrú. Ilé ni kí ẹ ti sọ èyí fún wọn, kó má baà jẹ́ pé ẹnu àlejò ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ má sáré kọjá Ouidah ní Benin nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Kò ju nǹkan bí kìlómítà 40 lọ sí Cotonou. Ẹ kúrò ní Lomé ní ìdájí, nítorí aago Benin fi wákàtí kan ṣáájú ti Togo: aago mẹ́fà ní Lomé ti di méje ní Hilla-Condji. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, alẹ́ ni yóò bá a ní Sèmè, pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn léjìká.